Ṣé ráda inú ọkọ̀ ojú omi lè ba nǹkan ọkùnrin jẹ́? Ìdáhùn fún ìyàwó wa ní Ìkọ̀lé

Ẹ kú ilé o, Èkìtì kete! Ìyàwó wa kan láti Ìkọ̀lé ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, ó ní kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní í dárúkọ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ jẹ́ AB nínú ọkọ̀ agbépo, ìyẹn àwọn tó ń so okùn ọkọ̀, tó ń ha irin tó ti dípẹtà, tó ń kun ọ̀dà, tó tún ń bá ọ̀gá ṣọ́ ọkọ̀ lóru. Ọkọ̀ wọn máa ń ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí lọ sí Yúróòpù, á tún padà. Ọ̀gbẹ́ni wálé lísinmi, ó wá ń sọ pé wọ́n ní kóun gun òpó lọ kun ọ̀dà nígbà tí ráda, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lọ́nà ọkọ̀, ń yí lókè orí òun, pé orí fọ́ òun títí di ọjọ́ kejì. Ó tún ní òun fọwọ́ kan wáyà kan níta, kò gbọn òun bíi iná NEPA, àmọ́ ìka òun jó, ojú ibẹ̀ funfun, ó sì pẹ́ kó tó san. Ẹ̀kẹta, yàrá tó ń sùn, bọ́ọ̀lù funfun ńlá kan ló wà lórí òrùlé ibẹ̀ gan-an. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn rèé, ọmọ ò tíì dé, ìyá ọkọ sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ti jó ọmọ òun ní nǹkan ọkùnrin. Ohun tí ìyàwó ń bi mí ni pé ṣé òótọ́ ni, àti pé ṣé kí ọkọ òun fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kúkúrú, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń wò. Kéèyàn kun ọ̀dà nísàlẹ̀ ráda tó ń yí, ìyẹn nìkan ò lè sọ ọkùnrin di àgàn. Bọ́ọ̀lù funfun yẹn, kó máa sùn lábẹ́ ẹ̀, kò sí wàhálà. Wáyà yẹn ni mo bínú sí, torí ìyẹn kì í ṣe àròsọ rárá, ìjàǹbá gidi ni, ẹnìkan nínú ọkọ̀ yẹn ló ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ní ìdákúdàá. Ti ọmọ, ẹ má tíì dá ráda lẹ́bi kẹ́ ẹ tó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yin méjèèjì o, kì í ṣe ẹnìkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ rédíò inú ọkọ̀ ni mo ṣe kí n tó wá jókòó sí Adó, tí wọn ò bá sì pè mí ní radio officer mọ́, wọ́n á pè mí ní ETO, ìyẹn ẹni tó ń mójú tó iná àti gbogbo ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé táwọn èèyàn bá ti gbọ́ "radiation", ọkàn wọn á lọ sí X-ray àti bọ́ǹbù. Ìgbì rédíò ò rí bẹ́ẹ̀. X-ray lágbára débi pé ó lè já nǹkan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ìgbì rédíò ò lágbára tó ìyẹn láíláí, bó ti wù kí wáàtì ẹ̀ pọ̀ tó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú ara gbóná, omi inú ara ló ń gba agbára ẹ̀. Tí ìgbóná náà bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kúrò, kò ní hàn sí ọ rárá. Tó bá pọ̀, tó sún mọ́ ẹ, tó sì pẹ́ lára ẹ, ó máa jó ẹ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti fi bẹ́ẹ̀ dé ni wọ́n ń ṣọ́ra fún jù, bíi dígí inú ẹyinjú, torí kò rí nǹkan gbé ooru kúrò lára ẹ̀, àti kóró ọkùnrin, torí ìyẹn ò fẹ́ ooru látilẹ̀wá, ìdí tí Ọlọ́run fi gbé e síta nìyẹn.

Àwọn amòye àgbáyé tó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀, ICNIRP lorúkọ wọn, ṣe àtúnṣe ìlànà wọn lọ́dún 2020. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: wọ́n wò ó pé tí gbogbo ara bá ń gba nǹkan bíi wáàtì 4 fún kílò kan, ooru inú ara lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius kan gòkè, wọ́n wá ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lọ, 0.4, ará ìlú ò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú àádọ́ta lọ, 0.08. Tó bá jẹ́ irú ìgbì tí ráda ń lò, wọ́n máa ń kà á sí wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan: 50 fún òṣìṣẹ́, 10 fún ará ìlú. Ẹ fọkàn sí eléyìí o, torí mo rí i tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ń ṣì í lò: "òṣìṣẹ́" tí wọ́n ń wí yẹn ni ẹni tí wọ́n ti kọ́ nípa ewu náà, tó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, tó sì mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Kúùkù tó jáde wá gba atẹ́gùn, ọmọ kadẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, AB tí wọ́n kàn fún ní búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní "gun òkè lọ", ti ará ìlú ni kí wọ́n fi wọn wọ̀n, ìyẹn 10. Pé èèyàn wọ aṣọ iṣẹ́ ò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ti kọ́.

Ó dáa, ráda. Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Ẹ máa rí kílówáàtì 25 lára ọ̀kan, 30 lára èkejì, ẹ á ní yéè, wáàtì ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Àmọ́ ráda ò kì í tú u jáde lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Á yìn ín pẹ́ẹ́, á dákẹ́, á máa retí ohùn tó máa padà wá, á tún yìn ín. Ká sọ pé ìyìn kọ̀ọ̀kan gba 0.8 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń yìn nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀: 25,000 lọ́nà 0.8 nínú mílíọ̀nù lọ́nà 1,000, wáàtì 20 péré ni gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba. Wáàtì 20! Àwọn ráda tuntun tí ò lo magnetron, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìgbì nínú ráda àtijọ́, agbára ìyìn wọn gan-an kò sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn, àwọn kan ò ju wáàtì igba lọ lákòókò tí wọ́n bá ń yìn.

Èyí ò wá sọ pé kéèyàn lọ fẹnu ko àńténà ẹ̀ lẹ́nu o. Àńténà náà kó gbogbo wáàtì 20 yẹn jọ sójú kan, ó fẹ̀ díẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀ àmọ́ ó tín-ín-rín láti ọ̀tún sósì, bí ìwọ̀n degree méjì lásán. Nígbà tó bá ń yí, bí ìgbà 24 níṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú 180 àkókò náà ló fi ń kọjú sí ẹ. Ẹ ti rí ọmọdé tó ń fi ìka la iná àbẹ́là kọjá kíá, tí ò jó o? Kó wá gbé ìka dúró lójú iná náà wàyí. Ráda tó ń yí àti ráda tó dúró tó sì ń yìn, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra nìyẹn. Ráda tó dúró sójú kan, tó sì ń yìn ín, tí èèyàn wá wà níwájú ẹ̀ ní mítà kan tàbí méjì, ìyẹn ni kẹ́ ẹ sá fún. Ọ̀pọ̀ ráda ìsinsìnyí kì í yìn tí àńténà ẹ̀ ò bá yí, wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń tún un ṣe lè wọ inú ètò ẹ̀ lọ kó fipá mú un yìn, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìwo òkè pé ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá sábà máa ń ní méjì: X-band tó wà ní ìhà 9 GHz, ìyẹn ìgbì tó ń yí padà nígbà bílíọ̀nù 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti S-band tó wà ní ìhà 3 GHz. Ti 9 yẹn, orí awọ ara ni ooru ẹ̀ ń pọ̀ sí jù, èèyàn lè tètè mọ̀ ọ́n lára. Ti 3 ń wọlé jìn díẹ̀ sí i, ìyẹn ò wá jẹ́ kéèyàn tètè fura. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ráda gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ náà pé ibi tó jìnnà tó báyìí ni agbára ẹ̀ ti jẹ́ wáàtì 100 lórí mítà onígun mẹ́rin, ibi tó jìnnà tó báyìí ló ti sọ̀ kalẹ̀ sí 10. Ó wà níwájú ìwé náà, níbi tí ìkìlọ̀ máa ń wà, ojú ewé táwọn èèyàn máa ń ṣí kọjá. Ìwé náà wà ní bridge, yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Níbi tó jẹ́ 10 yẹn, nígbà púpọ̀ mítà díẹ̀ ni, àmọ́ ti ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kó wo tiwọn.

Orí fífọ́ wá ńkọ́? Tọkàntọkàn, mi ò rò pé ráda ni. Ẹni tó wà lórí òpó ọkọ̀ láti àárọ̀ lábẹ́ oòrùn, tí ò mu omi, tó ń gbóòórùn ọ̀dà àti tìńà, tí èéfín ẹ́ńjìnì tún ń fẹ́ sí i lójú láti ihò èéfín tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ẹ ò rí i pé nǹkan tó lè fọ́ orí ti pọ̀ tó? Èéfín yẹn gan-an léwu ju báwọn èèyàn ṣe rò ó lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, pé kì í ṣe ìgbì ló fọ́ ọ lórí ò sọ ọ̀gá tó rán an lọ di aláìjẹ̀bi. Àńténà S-band lè gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀ ó lé, irin ni, ó ń yí, tó bá gbá èèyàn lórí òpó, ìsàlẹ̀ ni tọ̀hún máa bá ara ẹ̀. Tèmi tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ bá bi mí ohun tó ń pa èèyàn lórí òpó ọkọ̀, jíjábọ́ ni màá kọ́kọ́ sọ, kí n tó wá sọ̀rọ̀ ìgbì. Ìdí nìyẹn tí òfin iṣẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan ìlànà táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, fi ní kẹ́nikẹ́ni tó gun ibi tí àńténà wà, kó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó wà lórí iṣẹ́ ní bridge, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì gbé ìwé ìkìlọ̀ sórí ẹ̀rọ náà. Fèrè ọkọ̀ pàápàá wà nínú ẹ̀, torí tó bá dún lójijì létí ẹni tó rọ̀ sórí okùn, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé orí wáyà wàyí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ tó ń la agbami kọjá ní rédíò kan tí wọ́n ń pè ní MF/HF, òun ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ bá ti jìnnà. Wáàtì ẹ̀ máa ń jẹ́ 150, 250, tàbí 500 nígbà mìíràn, kì í sì í ṣe pé ó ń yìn pẹ́ẹ́ kó dákẹ́ bíi ráda o, tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ ni. Àńténà ẹ̀ lè jẹ́ wáyà gígùn tí wọ́n ta láti òpó kan sí èkejì, tàbí ọ̀pá gíga funfun tó dúró lórí òrùlé. Nídìí ọ̀pá tàbí wáyà yẹn, níbi tó ti jáde látinú àpótí kékeré tó ń bá a ṣètò ara ẹ̀, fóólítì ibẹ̀ lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kì í gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n lára iná ilé, torí iná yẹn ń yí padà ní ìgbà mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan ara ò lè tẹ̀ lé e. Ńṣe ló máa jó ẹ. Ojú kékeré, ó funfun, àmọ́ ó wọlé jìn, ó sì ń pẹ́ kó tó san. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni sọ fún un yín gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹni tí ò rí i rí ò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á gbọ́.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ àńténà gan-an ló fọwọ́ kàn o. Okùn irin tó wà nítòsí, àkàbà, ìkọ́ kírénì, okùn tí wọ́n fi di òpó mú, gbogbo wọn lè gba ìgbì náà sára kí wọ́n sì fún ẹni tó bá fọwọ́ bà wọ́n, pàápàá tó bá jẹ́ pé ibi tó so mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà tí iná ò ráyè kọjá sínú irin ọkọ̀ mọ́. Kódà ní èbúté tí ilé iṣẹ́ rédíò ńlá wà nítòsí ẹ̀, okùn kírénì ti máa ń jó àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò inú ọkọ̀ wà ní pípa pátápátá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà táwọn kan ń wọ̀ ò sì dá a dúró tán, irú iná yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gba inú rọ́bà kọjá.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún un: "kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lásìkò yẹn". Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ! Rédíò yẹn ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní DSC, òun ló ń gba ìpè wàhálà. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa dán an wò, tojoojúmọ́ ò ní fi ìgbì síta, àmọ́ tọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á pe ibùdó orí ilẹ̀, ìyẹn ń jáde síta. Yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá ti ṣètò ẹ̀ pé kó máa dáhùn ìpè ìdánwò fúnra ẹ̀, ọkọ̀ mìíràn lè pè é láti ibi tó jìnnà réré, á sì dáhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ọ̀gá tó wà ní bridge á ní òun ò tẹ nǹkan kan, wáyà á ti jó ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí tí mo fi máa ń sọ pé "a ò ní í lò ó" kì í ṣe ààbò nìyẹn. Pípa ni kí wọ́n pa á, láti ìdí iná ẹ̀, kí wọ́n yọ fíúùsì ẹ̀ tàbí kí wọ́n ti bírékà ẹ̀ pa kí wọ́n fi àgádágodo sí i, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó ń lọ sókè, kì í ṣe lápò ọ̀gá.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í: ṣé ojú agbami ni wọ́n wà nígbà tí wáyà yẹn jó o, àbí wọ́n ń kó epo wọlé ní èbúté? Torí nínú ọkọ̀ agbépo, tí wọ́n bá ti ń kó epo wọlé tàbí tí wọ́n ń já a, rédíò MF/HF ò gbọdọ̀ fi ìgbì síta rárá, àńténà ẹ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ irin ọkọ̀, VHF gan-an, ìyẹn rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti wáàtì 25 sí wáàtì 1. Ohun tó lè jó ìka lè tanná, òórùn epo ò sì ń dúró gbọ́ àlàyé. Tó bá jẹ́ èbúté ni, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìka ẹnìkan, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ẹ́ lọ.

Bọ́ọ̀lù funfun. Ike lásán ni bọ́ọ̀lù yẹn, inú ẹ̀ ni àwo sátẹ́láìtì wà, ike náà kàn ń gbà á lọ́wọ́ òjò àti atẹ́gùn ni. Àwo náà lè máà ní ju wáàtì 8 tàbí 16 lọ, àmọ́ ó kó o jọ gan-an, ojú ọ̀run ló sì ń kọ sí. Kì í wo ìsàlẹ̀, irin òrùlé yàrá tún wà láàárín, irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá. Torí náà ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ sàn ju ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ. Kó sùn.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ AB ò mọ̀, èmi sì fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́. Irú sátẹ́láìtì tí àwọn àwo yẹn ń bá sọ̀rọ̀ dúró sí bíi kìlómítà 36,000 lókè ìlà agbedeméjì ayé. Níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, tó bá jẹ́ èyí tó wà lókè Áfíríkà ni wọ́n ń lò, àwo yẹn á gbójú sókè gan-an, èèyàn lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ìgbì ẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ sí àríwá, tí wọ́n ń sún mọ́ Norway, àwo náà á máa tẹrí ba, á máa wo ìhà gúúsù ní ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, ibi tí ìgbì ẹ̀ ò dé rárá nígbà tí wọ́n wà l'Ékòó lè wá di ojú ọ̀nà ẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ náà tún ń yí, àwo ń yí pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ò sì lè rí ojú tó kọ torí ike bò ó. Àwọn tó ṣe é dáadáa máa ń kọ́ ẹ̀rọ náà pé tó bá ti kọjú sí apá ibi táwọn èèyàn ń rìn, kó dákẹ́, kó má fi ìgbì síta. Kó béèrè lọ́wọ́ ETO wọn bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kékeré abẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn kó kórí bọ inú ẹ̀ láìpa á. Àwọn àńténà pẹrẹsẹ tuntun bíi Starlink tí wọ́n ń gbé sórí ọkọ̀ báyìí, òkè ni wọ́n ń wò, kí wọ́n má jókòó lé e, kí wọ́n má sá aṣọ lé e, ó tán.

Ti VHF àti AIS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ orúkọ ọkọ̀ àti ibi tó wà fún àwọn ọkọ̀ yòókù, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Wáàtì 25 àti 12.5 ni, kéèyàn má kàn dì mọ́ ọ̀pá wọn, kó fàyè mítà kan tàbí méjì sílẹ̀. Kó kàn rántí pé AIS ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kò ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i láyà láti máa bá ọkàn ṣiṣẹ́, kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gun ibikíbi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wàyí, ìyàwó wa.

Ooru ń dín àtọ̀ kù, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ibà pàápàá ń ṣe é, ooru inú yàrá ẹ́ńjìnì lè ṣe é. Àtọ̀ tuntun ń gbà tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó tò tán, torí náà tó bá jẹ́ pé ooru ìgbà kan péré ló bà á jẹ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ara á ti ń tún ara ẹ̀ ṣe. Mi ò ní í bo òótọ́ kan mọ́ yín lójú: lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ogun ojú omi Norway, wọ́n bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn léèrè, àwọn tó sọ pé àwọn ti ṣiṣẹ́ níbi tí kò tó mítà mẹ́wàá sí àńténà lọ́pọ̀ ìgbà ló tún ń sọ jù pé ọmọ ò tètè dé. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wọn ìgbì tó kàn wọ́n, ọkọ̀ ogun sì ni, ráda ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọkọ̀ agbépo. Mo fi ń ṣọ́ra ni, mi ò fi dájọ́. Bákan náà, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti fi ìgbì rédíò sí ipele 2B láti 2011, ìyẹn "ó ṣeé ṣe" kó fa jẹjẹrẹ, ẹ̀rí ẹ̀ ò tó láti sọ pé ó ń fà á. Ẹni tó bá fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ ní kó lọ mu omi.

Ohun tó wá sọ sí mi lọ́kàn nínú lẹ́tà yín kì í ṣe ráda rárá. Ẹ ní ọdún mẹ́ta. Oṣù mélòó ni ọ̀gbẹ́ni fi wà nílé nínú ọdún mẹ́ta yẹn? AB tó ń lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ lójú omi kó tó wálé, ẹ ka àkókò tẹ́ ẹ jọ wà pọ̀, ẹ sì yọ àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ lè dúró. Àwọn dókítà kì í sọ pé tọkọtaya yà àgàn àfi tí wọ́n bá ti wà pọ̀ déédéé fún oṣù méjìlá láìlo nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tíì tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn! Ìyá ọkọ ò ní í ronú kan ìyẹn, ọdún ló ń kà. Nísinsìnyí tí ọ̀gbẹ́ni wà nílé, ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó tàbí tìpínlẹ̀ ní Adó, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ẹ̀ wò. Ọjọ́ méjì sí méje ló yẹ kó fi yẹra kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì náà. Kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò lọ́jọ́ kan náà. Kó fi ìka yẹn han dókítà pẹ̀lú, kó sì sọ fún un pé iná rédíò ló jó o, torí ẹni tó bá wò ó lójú lásán á rò pé ojú ọgbẹ́ kékeré ni.

Ṣé kó fiṣẹ́ sílẹ̀? Rárá o. Iṣẹ́ yẹn ń bọ́ ilé, ewu tó wà ńbẹ̀ ṣeé dá dúró, kì í ṣe èyí téèyàn ń gbàdúrà sí. Àmọ́ kó má tún gun òpó láìsí pẹ́míìtì lọ́wọ́ ẹ̀, kó sì wo orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn ti pa. Ráda méjèèjì ni o, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ojú ìwòran kan lè tan ráda kejì, ọ̀gá á pa tiẹ̀, ẹlòmíì á tan án láti ibòmíì. Standby, ìyẹn kí ráda wà ní ìmúrasílẹ̀ láìyìn, kì í fi ìgbì síta, àmọ́ standby kì í ṣe pípa, bọ́tìnnì kan ló kù. Ọ̀pọ̀ àńténà ní súwíìṣì lókè níbẹ̀ lára ẹ̀, kó máa lò ó. Tó bá béèrè tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà lábẹ́ òfin ISM, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀, ní ẹnìkan lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DPA, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ sábà máa ń wà lára ògiri inú ọkọ̀, òun ló lè bá ọ̀gá pátápátá sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ kápítẹ́ẹ̀nì. Ìka tó jó yẹn yẹ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọkọ̀ náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó kọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ wà, àti ibi tí wáyà náà wà gan-an, kó fi ránṣẹ́ sí DPA kó tó padà wọkọ̀.

Tó bá débẹ̀, kó ya fọ́tò ojú ewé ìkìlọ̀ inú ìwé ráda wọn méjèèjì, èyí tí 100 àti 10 wà nínú ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kó fi bó ṣe jìnnà sí láti ibi tó ti kun ọ̀dà sí ojú àńténà kún un, kó fi okùn wọ̀n ọ́n nígbà tí ráda bá wà ní pípa. Èmi á bá yín ṣe ìṣirò tó kù.